Ẹ̀yìn Pátákó

"Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́," ni ọ̀gá wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni lẹ́tà wọn wọlé. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i."

Ó yí kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni àwọn tó ń tẹ pátákó iná, ìyẹn pátákó pẹlẹbẹ inú ẹ̀rọ, bèèrè: ẹ yọ bàbà tó ń gbé iná kúrò láàárín ojú pátákó yìí, ẹ ò yọ ọ́ lẹ́yìn, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ ẹ? Bí a ò bá gbọ́ èsì kí ilẹ̀ tó ṣú, a ó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà.

Ọmọbìnrin náà ló yàwòrán rẹ̀. Ó rántí bó ṣe fa ìlà yí àyè náà ká, àyè tí bàbà kò gbọdọ̀ dé, kí iná ńlá tó ń ti ara ògiri bọ̀ má baà kan iná kékeré. Ojú pátákó nìkan ló ń wò lọ́jọ́ náà. Kò pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé kó ṣe ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀. Bàbà sì ti ṣàn lọ lẹ́yìn bí omi tó rí ilẹ̀ tó dagẹ̀rẹ́.

Ogójì pátákó ló wà nínú páálí lórí tábìlì, fún ibùsùn tó ń mú ara ìkókó tí oṣù wọn ò pé gbóná. Ó mú ọ̀kan, ó yí i padà. Àlàfo tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ò ju irun orí lọ.

Ọ̀gá ti to ọ̀kan pọ̀ láàárọ̀, ó ti dè é mọ́ ibùsùn kan. Ó tan iná sí i, ó gbọ́wọ́ lé irin rẹ̀.

"Ìyá Ìlà, wò ó. Ó ń ṣiṣẹ́," ó pè é ní orúkọ àwàdà tó fún un nítorí ìlà tó máa ń fà.

"Torí pé ó gbẹ ni, sà. Ọmọ á tọ̀ sí i. Iná á fo bọ́ sí irin."

"Òjò ò tíì ṣú, o ti ń wá agboorùn! Ta ló ń wo ẹ̀yìn pátákó? Buwọ́ lu ìwé tó sọ pé a ti yẹ̀ ẹ́ wò yìí jàre. Ọ̀la ni ilé ìwòsàn ń retí wa. Tá a bá já wọn kulẹ̀, a ti kógbá sílé nìyẹn. Ṣé ohun tí mo kọ́ ọ níṣẹ́ fún nìyí?"

Ọmọbìnrin náà gbé ife omi tó wà lórí tábìlì. "Ẹ jẹ́ kọ́wọ́ yín wà níbẹ̀, kí n da omi díẹ̀ sí i, ká wò ó."

Ọ̀gá yára gbọ́wọ́ kúrò lára irin náà.

Ibùsùn náà rọra ń kùn, aṣọ orí rẹ̀ ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ọmọbìnrin náà gbé ife sílẹ̀. Nílé nìkan ló máa ń pe àbúrò ìyá rẹ̀ ní Bọ̀ọ̀dá, àmọ́ ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

"Bọ̀ọ̀dá mi, mi ò ní buwọ́ lù ú. Èmi ni mo ṣàṣìṣe. Nọ́ọ̀sì àgbà ilé ìwòsàn náà ni mo fẹ́ pè báyìí, mo sì máa sọ fún un pé kò gbọdọ̀ gbà á lọ́wọ́ yín."