Ibi Tí Bọ́ọ̀sì Ń Dúró

Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá pé ibo là ń gbé, àwa náà á kọ́kọ́ wo ojú ara wa. A kì í ṣe ìlú, kò sì sí ìlú tó gbà pé òun ló ni wá. Ilé mélòó kan ni, tó fọ́n ká sẹ́bàá ọ̀nà bí ẹ̀wà tó bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé. Kùrukùru máa ń bò wá láàárọ̀ débi pé bí màlúù bá ké, a ò ní mọ̀ bóyá ilẹ̀ ló wà tàbí ojú ọ̀run. Pátákó tó gbé orúkọ wa ló ń sọ fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì pé kó dúró.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, akànìyàn kan tí ìjọba rán wá yọ látinú kùrukùru yẹn. Ó ní bí a ò bá pé ogún, wọ́n á hú pátákó náà, bọ́ọ̀sì ò sì ní dúró mọ́.

Ó ka onígbàjámọ̀ àtàwọn ọmọ rẹ̀. Ó ka tọkọtaya tó ń sin màlúù, díẹ̀ ló kù kó ka ajá wọn. Ó ka èmi télọ̀ àti ìyá mi. Ó ku ẹnì kan péré.

"Ka bàbá mi," mo wí, mo nawọ́ sí àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa.

Níbi tiwa, ẹni tó bá rìnrìn àjò máa ń fi àga rẹ̀ sílẹ̀ níta. Bí àga bá ṣì wà níta, ó ṣì ń gbé ibẹ̀ nìyẹn. Bàbá mi ti bá ọkọ̀ ojú omi lọ láti ìgbà tí mi ò tíì mọ ẹnu abẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí ojú rẹ̀. Ìyá mi ń nu àga náà láràárọ̀. Èmi ni mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé igi ló ń bá ṣe lọ́kọ. Lọ́jọ́ yẹn, ẹnu mi yí padà kíá.

"Àǹtí, mi ò lè ka àga o."

"Ta ló ní kó o ka àga? Ẹni tó ni ín ni kó o kà!"

Ó rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí ìyá mi. "Mà, bí ẹ bá ti lè sọ pé ó sùn síbí lánàá, màá kà á."

Mo ń ṣẹ́jú sí i títí omi fi jáde lójú mi. "Màmá, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni!"

Ìyá mi wo inú kùrukùru. "Mo lálàá rẹ̀ lánàá. Ó jókòó sẹ́tí bẹ́ẹ̀dì, ó ń tú okùn bàtà. Ṣùgbọ́n kò sùn síbí, ọmọ mi. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn."

Bí wọ́n ṣe hú pátákó nìyẹn.

"Òótọ́ yín ti jẹ́ kí wọ́n hú wa bí èpò!" mo pariwo láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyá mi da aṣọ borí, ó jáde. Mo sáré tẹ̀ lé e. Àárín títì ló lọ dúró sí, ó na apá méjèèjì. Iná bọ́ọ̀sì ń bọ̀ nínú kùrukùru bí ojú ológbò tí oorun ń kùn. Táyà han goooro.

Awakọ̀ yọrí síta. "Ìyá, ẹ fẹ́ kú ni? Kò sí pátákó níbí mọ́!"

"Ṣé pátákó ló máa ń wọ ọkọ̀ rẹ ni?"

Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Òun náà ò lè mú ojú le mọ́, ó ṣílẹ̀kùn. "Ó dáa, ẹ wọlé."

"Mi ò lọ síbì kan. Mo fẹ́ wo ẹni tó ń bọ́ sílẹ̀ ni."

Kò sẹ́ni tó bọ́ sílẹ̀. Kùrukùru nìkan ló rọra wọkọ̀, jẹ́jẹ́, bí èrò tó mọ ibi tó ń lọ. Ìyá mi fọwọ́ pa ara bọ́ọ̀sì bí ẹni tó ń fọwọ́ pa ara màlúù.

"Máa lọ, o ṣé. Lọ́la tó o bá dé ibí, kó o dúró."

"Ibí ibo, mà?"

"Ibi tó o bá ti rí mi."

Lọ́jọ́ kejì, èmi ni mo kọ́kọ́ dé títì.