Òòfà Ẹnu Ọ̀nà

Irin náà tún já bọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí. Ó dún gbànràngandan lórí sìmẹ́ńtì ìsọ̀, jórinjórin sì ṣí ìbojú kúrò lójú, ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún.

"Kí ló dé?" Ọlọ́dà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń kun ọkọ̀ ní ìsọ̀ kejì, yọjú wọlé. "Àbí iná ò dé ibẹ̀ ni?"

"Iná dé ibẹ̀. Wọn ò kàn fẹ́ gba ara wọn ni."

Kẹ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ ni jórinjórin ń jó irin mọ́. Tíṣà ni ìyàwó náà, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kẹ̀kẹ́ yìí ló fi ń lọ sílé ìwé fún ọdún mẹ́sàn-án, títí wọ́n fi gé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Ọkọ rẹ̀ wá rò ó pé bí òun bá gé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà, tí òun jó ọ̀pá irin mọ́ ọn, tí òun fi táyà méjì sí i, kẹ̀kẹ́ yóò dúró fúnra rẹ̀, Tíṣà yóò sì máa fi ẹsẹ̀ kan tó kù wà á. Ọ̀gá ilé ìwé ti ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn yóò fi ẹlòmíràn sí kíláàsì rẹ̀. Ọkọ̀ kì í gba ọ̀nà ibẹ̀, ó sì jìn fún ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn.

Jórinjórin yìí kì í ṣe aláìbìkítà ènìyàn o. Òòfà dúdú kan wà tó fi okùn so kọ́ ẹnu ọ̀nà ìsọ̀, ara gbohùngbohùn àtijọ́ ló ti yọ ọ́. Ohunkóhun tí oníbàárà bá gbé wá, ì báà ṣe ìlẹ̀kùn, ì báà ṣe àga, yóò kọ́kọ́ fi òòfà kàn án. Bó bá lẹ̀, irin ni, iṣẹ́ yá. Bí kò bá lẹ̀, á ní kí wọ́n máa gbé e lọ, nítorí alumíníọ̀mù á ti yọ́ dà nù kí irin tó pọ́n. Àwọn oníbàárà máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé nígbà tó fẹ́ ìyàwó, òòfà ló kọ́kọ́ fi kàn án lórí.

Kẹ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò fi òòfà kàn. Ìdùnnú ti gbà á lọ́kàn, ló bá fa ayùn yọ láàárọ̀, ó gé e sí méjì. Ọ̀dà dúdú ló bo férémù náà látòkè délẹ̀, ó sì rò pé irin ni. Bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́sàn-án gbáko ló fi ń wo Tíṣà tó ń fi ọwọ́ kan gbé e gun àtẹ̀gùn, tí òun ń kì í ní akọni obìnrin. Ó yẹ kó mọ̀ pé irin kì í fúyẹ́ báyẹn. Ohun tó ń dùn ún jù nìyẹn.

"Jó o padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀," ni Ọlọ́dà wí.

"Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jó alumíníọ̀mù yàtọ̀. Kódà bí mo bá rí i yá, ibi tí iná tèmi ti kàn án ti jẹ bí ìgbà tí eku jẹ ìwé."

"Bóòtù ńkọ́?"

"Ó ti fẹ́lẹ́ jù. Ihò á ya."

Ọlọ́dà họrí. "Jẹ́ ká fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, kí n fi pọ́tì dí i, kí n kùn ún. Ó kéré tán, inú ìyàwó wa á dùn lónìí."

Ó yẹ kó kọ̀. Kò kọ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, kẹ̀kẹ́ ti dúró lórí táyà mẹ́ta, ó ń dán ní àwọ̀ búlúù, ojú ò sì lè mọ ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀.

Tíṣà wọlé lórí ọ̀pá abíyá méjì, báàgì ìwé ń fì lọ́rùn rẹ̀. Bó ṣe rí kẹ̀kẹ́ náà, ó dúró, omi lé ròrò sí i lójú.

"Ọkọ mi, ẹ ṣeun. Mo ti rò pé ó ti parí fún mi." Ó sún mọ́ ọn, ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, ó fẹ́ jókòó.

"Má jókòó."

Jórinjórin gbé ẹsẹ̀ lé ibi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Ó kán. Ẹ̀yìn lọ lọ́tọ̀, iwájú lọ lọ́tọ̀.

"Alumíníọ̀mù ni," ló wí. "N kò fi òòfà kàn án kí n tó gé e."

Tíṣà wo kẹ̀kẹ́ náà pẹ́. "Gbogbo ohun tí wọ́n ń gbé wá síbí lẹ ń fi òòfà kàn. Tèmi nìkan lẹ ò fi kàn."

"Mo fẹ́ tètè ṣe é fún ọ ni."

Tíṣà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó na ọ̀pá kan sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ jó ìwọ̀ mọ́ èyí fún mi, kí n lè fi báàgì kọ́. Ọwọ́ mi méjèèjì ni mo fi ń rìn. Lọ́jọ́ Ajé, màá kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́."

Jórinjórin gba ọ̀pá náà. Ó lọ mú òòfà wá láti ẹnu ọ̀nà, ó fi kàn án. Kò lẹ̀. Ó fi kan ìsàlẹ̀ rẹ̀, òòfà yọ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́.

"Kò gbà, Tíṣà. Alumíníọ̀mù lòun náà."

Tíṣà mi orí. Jórinjórin lọ so òòfà kọ́ padà. Ó tú ìgbànú ìdí rẹ̀, ó lọ sẹ́yìn ìyàwó rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì ń de báàgì náà mọ́ ọn lẹ́yìn bí ìgbà tí wọ́n ń pọn ọmọ.

"Ṣé kò fún ọ jù?"

"Ẹ fún un sí i," ni Tíṣà wí. "Ọ̀nà jìn."