Oorun Ọjọ́ Ẹtì

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Ọjọ́rú ṣẹ̀ṣẹ̀ lù nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba kan kanlẹ̀kùn, àyà olùtọ́jú ọmọ sì já. Kì í ṣe pé ilé dọ̀tí. Àwọn ọmọ mọ́kànlá tí àwọn òbí wọn gbé wá kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́ wà lórí ẹní, àwọn kan ń sùn, àwọn kan ń du bàtà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ìwé ńlá tó wà lórí tábìlì ló ń dẹ́rù bà á. Òfin ní kí ó máa kọ oúnjẹ, oorun, ìgbóná ara àti ìlédìí ọmọ kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́, ní wákàtí tó ṣẹlẹ̀ gan-an, kí ó sì tọ́jú rẹ̀ fún ọdún méje. Ọjọ́rú nìyí, ṣùgbọ́n ìwé náà ti kún dé Ọjọ́ Ẹtì.

Ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ilé bá dákẹ́, ni ó máa ń jókòó kọ ti odidi ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń dáná fún àwọn ọmọ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti di wòlíì. Ẹ bá mi wò ó, ṣé èmi náà á rí oorun sùn lọ́jọ́ Ẹtì?" Àwọn méjèèjì a sì rẹ́rìn-ín. Lónìí, ẹ̀rín kò wá. Oṣù tó kọjá ni wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ obìnrin tó ń tọ́jú ọmọ ní òpópónà kejì, nítorí ojú ìwé méjì tó ṣófo. Tirẹ̀ ṣì wà nínú férémù lára ògiri. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan kí ó tó ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá," ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí. "Ẹ fọkàn balẹ̀, n kò wá yẹ ilé yín wò. Ìjọba fẹ́ dín àkọsílẹ̀ kù. Wọ́n ní ó ti ń wọ àwọn èèyàn lọ́rùn jù. Ìbéèrè ni mo wá ṣe: ìṣẹ́jú mélòó lẹ fi ń kọ ìwé yín lóòjọ́?"

Ó fa fọ́ọ̀mù yọ. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń wádìí wàhálà fọ́ọ̀mù jẹ́ ojú ìwé mẹ́fà.

Àbúrò yọjú láti ilé ìdáná. "Ọ̀gá, ṣé mẹ́fà yẹn náà wà lára èyí tí ẹ fẹ́ dín kù?"

Olùtọ́jú ọmọ kò gbọ́ èsì rẹ̀. Ó ń ṣírò. Bí ó bá sọ pé ọ̀sán kan péré lọ́sẹ̀ ni, wọn yóò ní ẹrù náà kò wúwo, òfin yóò sì dúró bó ṣe wà. Bí ó bá sọ iye tó ń gba ẹni tó bá tẹ̀lé òfin, wọn yóò ní kí ó mú ìwé wá.

"Wákàtí méjì," ni ó wí.

"Wákàtí méjì lóòjọ́! Ẹ jẹ́ kí n wo ti ọ̀sẹ̀ yìí, kí n fi ṣe ẹ̀rí."

"Ìwé ọ̀hún... bóyá àbúrò mi ti gbé e sí..."

"Òun nìyẹn lábẹ́ ọwọ́ yín, Màmá."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fà á, ó ṣí i. Ìka rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí Ọjọ́rú, ó kọjá Ọjọ́bọ̀, ó sì dúró.

"Màmá, ọmọ karùn-ún sùn ní aago mẹ́wàá àbọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọjọ́rú la wà."

"Mo mọ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́ bí òfin ṣe wí. Wákàtí méjì náà ni, n kò purọ́ fún yín. Lọ́jọ́ kan, mo ń kọ ọ́ pé ọmọ kan ti jẹun, mo kọ iye ṣíbí tó jẹ, mo kọ aago. Nígbà tí mo máa fi gbójú sókè, bọ́tìnnì ti há ọmọ tó wà lẹ́yìn mi lọ́fun, ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Orí ló yọ wá. Láti ọjọ́ náà, ojú mi kì í kúrò lára wọn. Ìwé ni mo jẹ́ kó máa purọ́."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà yí fọ́ọ̀mù síwájú, ó yí i sẹ́yìn. "Wọn kò fi àyè sílẹ̀ fún irú èyí. Ìṣẹ́jú nìkan ni wọ́n béèrè." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo lè kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ní láti fọwọ́ sí i. Ó lè jẹ́ òun ni yóò yí òfin padà. Ó sì lè jẹ́ òun ni wọn yóò fi gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ yín. Fáìlì kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń lọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ sí nǹkan kan," ni àbúrò wí. "Ẹ ní ogún ìṣẹ́jú ni, kí wọ́n máa lọ."

Olùtọ́jú ọmọ rò ó wò: gbogbo ilé bíi tirẹ̀, gbogbo orí tó tẹ̀ sórí ìwé ní wákàtí yìí, àti àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn wọn.

"Ẹ kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kọ ọ́ tán, ó na bíírò sí i. Obìnrin náà tẹ orí sí ìwé láti kà á. Kò tíì ka ìlà kejì tán tí ọmọ kan fi húkọ́ lórí ẹní. Ó fò dìde, àga ṣubú. Ìka rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọmọ kí ẹnikẹ́ni tó mí. Èérún búrẹ́dì ni. Ó gbé ọmọ náà lé èjìká, ó padà dé ìdí tábìlì, kò sì jókòó mọ́. Ó kọjú sí àwọn ọmọ.

"Níbo ni? Ẹ gbé ọwọ́ mi síbẹ̀."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé e síbẹ̀. Obìnrin náà fọwọ́ sí i láìwo ìsàlẹ̀.

"Ẹ̀dà mẹ́ta ni, Màmá."

Ó fọwọ́ sí ìkejì, ó fọwọ́ sí ìkẹta. Orí ẹní ni ojú rẹ̀ wà. Ó ń ka àwọn ọmọ.