Ọmọ-Ọ̀dọ̀ Tí Wọ́n Gbé Gba Ẹ̀yìnkùlé

Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni Màmá Kíláàsì nígbà tó padà sílé ìwé. Ilé ìwé àgbà ni, ọ̀sán Sátidé ni wọ́n ń ṣe é, òun ló sì dàgbà jù níbẹ̀, ni wọ́n ṣe sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ọ́fíìsì kan ló ń gbá, tó ń nù. Kì í pẹ́ dé, kì í sì í dá sọ́rọ̀. Àfi bí ẹni tó fomi sẹ́nu.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, olùkọ́ ta aṣọ funfun bo pátákó, ó sì fi fíìmù kan hàn wọ́n. Ilé ńlá àtijọ́ ló wà níbẹ̀, ìyàwó olówó ń gbé inú rẹ̀, òkú ọmọ-ọ̀dọ̀ kan kò sì jẹ́ kó sinmi. Nígbà tó parí, olùkọ́ ká aṣọ náà kúrò, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó ní kí wọ́n ka ohun tó sọ ọ́ di ìtàn Gọ́tíìkì, irú ìtàn tí ilé fúnra rẹ̀ máa ń ba èèyàn lẹ́rù. Wọ́n ka òkùnkùn, wọ́n ka ìjì, wọ́n ka yàrá tí wọ́n tì pa. Obìnrin télọ̀ tó jókòó ti Màmá Kíláàsì ní tòun, irun ìyàwó olówó yẹn ló ba òun lẹ́rù jù. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Ó dáa,” olùkọ́ wí. “Kí ni fíìmù yìí ń sọ nípa àwùjọ? Màmá, ẹ bá wa dá sí i.”

Màmá Kíláàsì dìde, ó di etí tábìlì mú.

“Gbogbo wa la rí ọmọ-ọ̀dọ̀ yẹn. Ta ló gbọ́ orúkọ rẹ̀?”

Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ nínú fíìmù náà. “Ìwọ yìí” ni wọ́n ń pè é títí tó fi kú.

“Èmi náà ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ rí,” ó ní. “Àwa méjì ni. Ibà dá èkejì mi dúbúlẹ̀, ọ̀gá wa obìnrin ní ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Ọjọ́ kẹrin ló kú. Àlejò wà ní pálọ̀, wọ́n ní ká gbé e gba ẹ̀yìnkùlé. Èmi ni mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Wọ́n ní tí mo bá lanu, èmi ló kàn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà. Mi ò sì lanu.”

Olùkọ́ rọra gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, kò sì kọ nǹkan kan mọ́.

Télọ̀ ló bá a jáde. “Màmá, àwọn ẹbí rẹ̀ ńkọ́?”

“Mo mọlé wọn. Ọdún mẹ́rìndínlógójì rèé tí mò ń yà fún àdúgbò náà.”

“Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Màá sìn yín lọ.”

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n olóògbé ló ṣílẹ̀kùn fún wọn, obìnrin kan tó ti ń fọ̀pá rìn. Màmá Kíláàsì kúnlẹ̀, ó rò ó láìfi ìkan pa mọ́. Ẹ̀gbọ́n náà kò sunkún.

“Wọ́n sọ fún wa pé ó bá ọkùnrin sá lọ. Ìyá wa bínú sí i wọ sàréè. A ò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ nílé yìí.”

“Kò bá ẹnikẹ́ni lọ, mà. Ìyá yín ló ń pè títí ẹ̀mí fi bọ́.”

Obìnrin náà na ọwọ́ sí i.

“Dìde, àbúrò mi,” ó ní. “Ṣé o mọ ibi tí wọ́n sin ín sí?”

“Mo mọ̀ ọ́n.”

Ó wọlé lọ mú ìborùn rẹ̀. Télọ̀ sì jáde lọ wá ọkọ̀.