Ìbéèrè Kọkànlélógójì

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan. Ìgbà kẹrin nìyí tí mò ń dá ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ padà sẹ́yìn, tí mo ki okùn rẹ̀ bọ etí méjèèjì, ẹ̀ẹ̀kan náà ni mò ń gbọ́. "Bẹ́ẹ̀ ni." Ohùn tín-ín-rín, bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn tí kò fẹ́ kó dún. Àmọ́ lórí ìwé tó wà níwájú mi yìí, "bẹ́ẹ̀ ni" méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan kọjú sí ìbéèrè kọkànlélógójì, èkejì kọjú sí kejìlélógójì. Èmi sì ni mo tẹ̀ ẹ́. Ta tún ni? Ọdún mẹ́rìndínlógún rèé tí mo ti ń tẹ ìwé ẹ̀rí ní kóòtù yìí...

Àbí ẹnì kan ló fọwọ́ kàn án? Lọ́jọ́ tí mo jáde lọ bu omi, mi ò pa kọ̀ǹpútà. Agbẹjọ́rò tó ń gbèjà Alàgbà ìjọ wa wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń rìn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ológbò tó gbọ́ òórùn ẹja. "Mọ́mì wa, ọwọ́ yín mọ́ o. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó rọ." Kí ló rí tó fi ń yin ọwọ́ mi? Ṣé ẹni tó wá gba ẹ̀dà ìwé ló máa ń — rárá. Ilẹ̀kùn yàrá yìí máa ń ké bí ewúrẹ́. Ẹni tó bá ṣí i, gbogbo ilé á gbọ́.

Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní ọ̀sán gangan, fáìlì yìí á lọ sí kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Adájọ́ tiwa ti dá Alàgbà lẹ́bi, ó ní ó fipá bá ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì rẹ̀ lò pọ̀. Alàgbà ní irọ́ ni, ó ní ọmọ náà fún òun láàyè. Àwọn adájọ́ mẹ́ta tó wà lọ́hùn-ún kò ní rí ojú ọmọ yẹn. Wọn kò ní gbóhùn rẹ̀. Ìwé ni wọ́n máa kà. Ìwé tèmi.

Jẹ́ kí n rora rò ó ná.

Ìwé ẹ̀rí wa ní òpó méjì, ìbéèrè lápá òsì, ìdáhùn lápá ọ̀tún, nọ́ńbà níwájú wọn. Ìbéèrè kan, ìdáhùn kan. Ọ̀gá Òǹtẹ̀, akọ̀wé àgbà wa tí òǹtẹ̀ kóòtù kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kò fẹ́ rí àlàfo sójú. "Màmá, ilé òfìfo wo lẹ fi sílẹ̀ síbí? Ṣé ẹ ń wá ayálégbé ni?" Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí dé egungun. Láti ọjọ́ náà, mi ò fi àlàfo sílẹ̀ mọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́... ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Agbẹjọ́rò Alàgbà da ìbéèrè méjì léra wọn, ọmọ náà dáhùn lẹ́ẹ̀kan, mo wá pín ìdáhùn náà fún méjèèjì bí ìyá tó pín ẹyin kan fún ìbejì. Àṣìṣe ni. Ta ni kì í ṣe àṣìṣe?

Àmọ́ kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò fi rí i? Agbẹjọ́rò ìjọba, ọmọge tó ń gbé fáìlì kiri bí ẹni gbé igi ìdáná, ìdúró ló fọwọ́ sí i. "Mo gbà yín gbọ́, Mà." Kí ni ìgbàgbọ́ wá ṣe níbẹ̀? Ṣé wọ́n ti bá a sọ̀rọ̀ ni? Àti Alàgbà fúnra rẹ̀... lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn tí a ṣe oore-ọ̀fẹ́, ó di ọwọ́ mi mú, ó pẹ́ kó tó fi í sílẹ̀. "Arábìnrin, Ọlọ́run mọ ẹni tó máa lò fún ọmọ rẹ̀." Mo ṣe àmín. Àmín kí ni mo ṣe?

Ọkùnrin yìí kúnlẹ̀ tì wá nígbà tí ọkọ mi dùbúlẹ̀ àìsàn. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi gbààwẹ̀ fún wa, a ò bẹ̀ ẹ́. Ẹnu tó gbàdúrà báyẹn... ẹnu kan náà ha lè...

Ọmọ yẹn gan-an, mi ò fọkàn tán an láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Ẹni tó ló ba òun jẹ́, "wọ́n" ló ń pè é. "Wọ́n wọlé. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn." Ta ló ń bọ̀wọ̀ fún ọ̀tá rẹ̀ báyẹn? Kò sì pariwo. Ìwé Mímọ́ ò fi ọ̀rọ̀ ìyẹn bò: ọmọbìnrin tó wà láàárín ìlú tí kò ké... Mo rántí pé bí mo ṣe ń tẹ ẹ̀rí rẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ń lù nínú mi bí agogo. Kò ké. Kò ké. Bẹ́ẹ̀ èèyàn mẹ́ta ló ń po ìyẹ̀fun ní yàrá kejì.

Àmọ́ ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń pò ó. Ìyẹn náà wà lákọsílẹ̀, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́: "Tí ẹ̀rọ yẹn bá ti ń yí, èèyàn kì í gbọ́ orúkọ ara rẹ̀." Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé èyí tí mo há sórí ńkọ́? Ti ọmọbìnrin inú oko, tó ké, tí kò sẹ́ni tó máa gbà á là. Kí ló dé tí mo há ọ̀kan sórí, tí mo fo èkejì? Oko kì í ṣe ibi tí koríko hù sí nìkan. Ibi tí o ti ké tí ẹnì kan ò gbọ́, oko nibẹ̀. Àti "wọ́n" tó ń pè é... ọ̀gá rẹ̀ ni. Ìbẹ̀rù náà a máa kúnlẹ̀ kí èèyàn.

Jẹ́ kí n tún un gbọ́. Ìkarùn-ún.

"Ṣé o gbà fún un lọ́jọ́ náà?"

...

Wọn ò gun ara wọn. Olúwa mi, ìbéèrè méjèèjì ò gun ara wọn rárá. Mò ń ka ìṣẹ́jú àáyá lójú ẹ̀rọ — ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Àga kan dún. Mẹ́rin, márùn-ún. Ẹnì kan wúkọ́. Ó di mẹ́sàn-án gbáko kí agbẹjọ́rò tó ní, "Ó dáa, a ti gbọ́. Ṣé ó ti wá sí yàrá yẹn rí kó tó di ọjọ́ náà?" Ìgbà yẹn ló tó sọ ọ́. "Bẹ́ẹ̀ ni."

A ti gbọ́ — kí la gbọ́? Alárékérekè! Ó fi "a ti gbọ́" rẹ́ ibẹ̀ bí ẹni rẹ́ ògiri tó sán. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Àmọ́ èmi... èmi tí mo gbé irin ìrẹ́lé lẹ́yìn rẹ̀...

Ọ̀rọ̀ wà tí à ń tẹ̀ fún irú èyí. "Kò fèsì." Ọ̀rọ̀ méjì péré. Mo ti tẹ̀ ẹ́ fún olè, mo ti tẹ̀ ẹ́ fún awakọ̀ tó mutí yó, fún baba tó sá fún ọmọ. Ìka mi mọ ọ̀nà ibẹ̀ bí ẹsẹ̀ ṣe mọ ọ̀nà ilé. Kí ló dé tí kò gba ibẹ̀ lọ́jọ́ náà?

Adájọ́ kà á sí wa létí kó tó dájọ́: "Ẹni tó gbà ni ẹni tó fínnúfíndọ̀ gbà, tó láǹfààní láti kọ̀, tó sì mọ ohun tó ń gbà. Ìdákẹ́jẹ́ nìkan kò túmọ̀ sí pé èèyàn gbà." Mo tẹ ìyẹn náà, mi ò ṣi lẹ́tà kan tẹ̀. Ìjọba ló sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé ọmọ náà kò gbà, débi tí iyèméjì ò ní rí ibi jókòó. "Bẹ́ẹ̀ ni" kan tí mo fi kún un yìí, àga ni mo gbé kalẹ̀ fún iyèméjì. Àga onítìmùtìmù. Alàgbà á jókòó sórí rẹ̀, á sì gba ibẹ̀ lọ sílé.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, àlùfáà bi mí bóyá mo gbà. Ojú tì mí, ohùn ò jáde. Ìyá ọkọ mi kígbe láti ìjókòó iwájú: "Ó ti gbà, ó ti gbà, ẹ máa bá a lọ!" Ìjọ rẹ́rìn-ín. Àlùfáà ní, "Ìyá, ẹ̀yin kọ́ ni mo bi." Kò ṣí ìwé tó kàn. Ó dúró títí ohùn mi fi jáde. Ọmọbìnrin etí kànga inú Ìwé Mímọ́, tí wọ́n wá fẹ́ níyàwó, òun náà ńkọ́? Ẹ̀gbà wúrà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, bàbá àti ẹ̀gbọ́n ti fọwọ́ sí i, síbẹ̀ wọ́n ní ká pè é, ká gbọ́ ọ lẹ́nu òun fúnra rẹ̀. Wọ́n dúró dè mí. Wọ́n dúró dè é. Ta ló wá ní kí n má dúró de ọmọ yìí?

Nítorí náà, mo mọ̀. Ibẹ̀ ló ti burú. Mo jókòó nísàlẹ̀ àga ẹlẹ́rìí lọ́jọ́ náà, mo rí ojú ọmọ náà kedere. Mo wo Alàgbà. Mo sì ń wí nínú mi pé, sọ ọ́, ọmọ yìí, sọ pé o gbà, kí ara lè tu gbogbo wa. Mò ń bẹ̀ ẹ́! Mò ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Kò sọ ọ́.

Bàtà Ọ̀gá Òǹtẹ̀ rèé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí mo bá lanu, wọ́n á bi mí pé ìwé mélòó ni mo ti bàjẹ́ láti ọdún mẹ́rìndínlógún. Iṣẹ́ lè lọ. Nínú ìjọ, ta ló máa jókòó tì mí? Bí mi ò bá lanu... òǹtẹ̀ á dún lẹ́ẹ̀kan, ó parí.

Mo fura sí agbẹjọ́rò. Mo fura sí ọmọge ìjọba, mo fura sí Alàgbà, mo fura sí ọmọ náà ju gbogbo wọn lọ. Kò sẹ́ni tó wọ yàrá yìí. Ọwọ́ kọ́ ló ṣì. Ẹlẹ́rìí kan wà nínú ẹjọ́ yìí tí kò búra, tí ẹnikẹ́ni ò bi léèrè, tó sì dáhùn.

Ọmọ yẹn ò sọ "bẹ́ẹ̀ ni" sí ìbéèrè kọkànlélógójì. Èmi ni mo sọ ọ́.