Ìgbín Inú Àpò Shamsudeen

"Ẹ gbé e sílẹ̀ ná!"

Dókítà Àtinúkẹ́ fò dìde bí ẹni tó rí paramọ́lẹ̀. Ó fi ẹ̀mú yí ìkarahun tí Ìbùkúnọlá gbé wá padà, ó yọjú wo inú rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀. "Ó ti ṣófo. Níbo lẹ ti rí i?"

"Nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ mi ni, mà. Èèrà ló jẹ ẹran inú rẹ̀ tán."

Ó ti rẹ Ìbùkúnọlá. Ìdájí ló ti kúrò ní Ọ̀yọ́ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí wọ́n ní olùkọ́ yunifásítì yìí mọ àwọn ẹ̀dá inú òkun. Oṣù márùn-ún rèé tí Shamsudeen, atukọ̀, sùn ní èbúté Mòmbásà tí kò jí mọ́. Ìyá ọkọ ní ata díndín tí ìyàwó dì fún un lọ ló pa á. Lónìí, lẹ́yìn ìrun Àláásàrí, Ìbùkúnọlá gbọ́dọ̀ fi Kùránì búra lójú ẹbí. Kò bẹ̀rù ìbúra. Ṣùgbọ́n ìbúra lè wẹ ọwọ́, kì í wẹ orúkọ.

"Ìgbín ni," ni Dókítà wí, "àmọ́ ẹja ló ń pa jẹ. Ó ní ohun kan bí abẹ́rẹ́ lẹ́nu, oró ló kún inú rẹ̀. Ó lè ta ènìyàn kó má dun onítọ̀hún. Díẹ̀díẹ̀ ni ara á kú, tí èémí á sì tán."

"Bí ẹni tó sùn?"

"Bí ẹni tó sùn. N kò lè búra pé òun ni, ṣùgbọ́n n óò kọ ohun tí mo mọ̀ sínú ìwé fún yín."

Nínú ọkọ̀ tó ń padà sí Ọ̀yọ́, Ìbùkúnọlá gbé orí ti fèrèsé. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ wo ló ń sá fún ìgbín, nígbà tí omi rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rọ̀ nílé? Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ìgbín ń gun igi. Ta ló mọ̀ pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló tún ń pani?

Saifudeen, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló ka ìwé náà fún ẹbí.

"Ìgbín?" Ìyá pòṣé. "Ìgbín tí kò lè sáré ló pa Shamsu mi, tó ń ja ìjà mẹ́ta lóòjọ́?"

"Ìyá, ohun tí wọ́n kọ nìyẹn."

Àfáà pa Kùránì dé. Ìbúra kò sí mọ́. Wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ìbùkúnọlá, wọ́n sì túká.

Ó kù òun àti Ìyá. Ọwọ́ arúgbó náà ṣí sílẹ̀ lórí itan rẹ̀, kò rí nǹkan dì mú.

"Ta ni n óò wá máa bá jà báyìí, ìyàwó?"

Ìbùkúnọlá ti rò pé, bí ọ̀rọ̀ ṣe tán yìí, oorun ìfọ̀kànbalẹ̀ ni yóò kàn fún òun. Ìgbà yìí ló yé e pé ìbínú yẹn ni ọ̀pá tí ìyá fi ń dìde láràárọ̀. Ó rọra jókòó tì í lórí ẹní.

"Ẹ ṣì lè máa bá mi jà, mà."