Ìjókòó Ẹ̀gbẹ́ Awakọ̀

Inú mọ́tò akẹ́rù tí Chizuru ń wà ni ìfẹ́ rẹ̀ ń gbé. Ibẹ̀ ni Kazuomi, olórin ẹgbẹ́ wọn, ti máa ń jókòó tì í láti Osaka dé ìlú yòówù tí wọ́n bá fẹ́ lọ ṣeré, tí á máa bó ọsàn sí i lẹ́nu bó ṣe ń wakọ̀ lọ. Kò sọ fún un rí pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Chizuru náà kò bi í.

Àfi bí Kazuomi ṣe kó wọn jọ sílé kọfí lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Mo ti rò ó. Rélùwéè la ó máa wọ̀ lọ ṣeré báyìí. Ibi tá a bá dé, ìlù àti sípíkà tiwọn la ó yá lò. A ó sì tètè máa parí, káwọn tó wá wò wá lè rí rélùwéè wọ̀ padà, kí wọ́n yéé gbé mọ́tò wá. Èéfín tá à ń tú sáfẹ́fẹ́ nítorí orin ti pọ̀ jù."

Gota onílù fọwọ́ bojú. "Ọ̀gá, ìlù onílù! Ìyẹn dà bíi kéèyàn máa wọ bàtà ẹlòmíì." Ó yíjú sí Chizuru. "Àǹtí awakọ̀, wọ́n ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ o. O ò ní sunkún?"

"Sunkún kẹ̀? Ó dáa bẹ́ẹ̀." Chizuru rẹ́rìn-ín, ó tẹrí ba.

Kí ni ì bá tún sọ? Òun fúnra rẹ̀ ló sunkún sí Kazuomi létí nígbà tí oòrùn jó ọsàn bàbá rẹ̀ lórí igi ní oko wọn ní Wakayama, tó ní ooru ayé yìí ti kọjá bó ṣe yẹ. Ṣé torí òun ni Kazuomi ṣe pa mọ́tò tì, àbí ó ń fọgbọ́n lé òun ni? Bó bá rò ó síhìn-ín, inú rẹ̀ á dùn; bó bá rò ó sọ́hùn-ún, omi á lé sójú rẹ̀. Kò kúkú bi í. Níbi tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ẹni tí wọn ò bá pè kì í bèèrè bóyá wọ́n ń pe òun.

Ọjọ́ ìrìn àjò pé. Chizuru se ìrẹsì, ó ṣù ú ní róbótó-róbótó, ó gbé e lọ bá wọn ní ibùdó rélùwéè láti fi dágbére.

Ẹnu ya Kazuomi. "Báàgì ẹ dà?"

"Báàgì kẹ̀? Ṣé ẹ ṣì ní mọ́tò ni?"

"Ta ló ń sọ ti mọ́tò? Tíkẹ́ẹ̀tì ẹ rèé."

"O ò sọ fún mi!"

"Ìwọ lo ní ó dáa. Mo rò pé ó yé ẹ."

"Báwo ni ohun tí o ò sọ ṣe máa yé mi?" Ohùn rẹ̀ ròkè, àwọn èèyàn wẹ̀yìn, ojú sì tì í.

Gota yọrí láti inú ọkọ̀. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ wọlé wá jà! Ilẹ̀kùn fẹ́ pa dé o!"

"Kí ni mo fẹ́ wá ṣe níbẹ̀, Kazuomi? Ṣé kí n bá yín gbẹ́rù ni, àbí kí ni?"

Etí Kazuomi pọ́n wẹ̀. "Ẹ... ẹrù ò pọ̀," ló rí sọ.

Èsì wo nìyẹn? Chizuru ò mọ̀. Kò mú aṣọ, kò mú ọṣẹ, síbẹ̀ ó bẹ́ sínú ọkọ̀, ó jókòó ti Kazuomi.

Ọwọ́ tí sítíárìn ti mọ́ lára ò mọ ibi tí yóò sinmi sí. Ó gbé e lé apá àga tó wà láàárín wọn. Ọwọ́ Kazuomi ti wà níbẹ̀, kò sì gbé e kúrò. Chizuru yọjú wò ó: ojú rẹ̀ ti pa dé. Kò lè sọ bóyá ìfẹ́ ni, àbí oorun ti gbé e lọ.